Òkúta oníṣájì ni kí n rà sílẹ̀ de ìgbà tí iná bá lọ, àbí èyí tí à ń lò jù nù?

Ọmọ Màmá, Òkè-Baálẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè kan ti ń dà mí láàmú láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dá mi lóhùn, torí Màmá mi ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Èmi àti Màmá la jọ ń gbé níhìn-ín ní Òṣogbo. Ọdún 76 ni wọ́n wà báyìí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá wọn jà, nítorí náà ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá kì í jìnnà sí ibùsùn wọn. Òkúta tọ́ọ̀ṣì kékeré mẹ́rin ló ń jẹ. A tún ní tọ́ọ̀ṣì dúdú kan tó ń jẹ òkúta ńlá méjì, rédíò Màmá tó ń jẹ òkúta kékeré méjì (wọn kì í rí oorun sùn láìgbọ́ ìròyìn alẹ́), àti àtùpà oníṣájì kan tí ẹ̀gbọ́n mi rà fún wa láti Ìbàdàn.

Ìjì òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí ló tú àṣírí wa. Ẹ̀ka igi máńgòrò kan ya lu wáyà ní àdúgbò wa, ó fa òpó lulẹ̀, òru mẹ́rin gbáko la fi wà nínú òkùnkùn. Lóru àkọ́kọ́, mo gbé àtùpà oníṣájì jáde, kò tàn. Láti ìgbà Kérésì ni mo ti gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù tí mi ò bojú wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Mo mú tọ́ọ̀ṣì, òun náà kò tàn. Mo ṣí ìdí rẹ̀, mo dorí rẹ̀ kodò, òkúta kò já bọ́. Ó ti wú, ó ti lẹ̀ mọ́ ara tọ́ọ̀ṣì, omi dúdú kan tó ki ti ṣàn yí i ká, ìpata sì ti jẹ sípíríǹgì ìdí rẹ̀ títí ó fi kù tín-ín-rín bí irun.

Ibi tí mo ti ń fi ọ̀bẹ hó o ni Màmá ti ní òòyì ń kọ́ àwọn. Mo sáré wá ẹ̀rọ ìfúnpá, iná fóònù tó ti fẹ́ẹ̀ kú ni mo fi ń ríran. Mo dì í mọ́ wọn lápá, mo tẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn sínú. Ó dé ìdajì, ó kú. Mo tún un tẹ̀, ó tún kú. Mo di ọwọ́ Màmá mi mú títí ilẹ̀ fi mọ́, mi ò mọ̀ bóyá ó ga ni tàbí ó wálẹ̀. Òru yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ara wọn ti yá. Àmọ́ mo ti pinnu pé irú rẹ̀ kò ní bá wa lójijì mọ́. Mo lọ sí ọjà Ìgbọ̀nà. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo bá ní òkúta oníṣájì ni kí n rà, pé ìgbà ẹgbẹ̀rún ni màá ṣájì rẹ̀ kó tó bàjẹ́. Ẹnì kejì tí ìsọ̀ tiẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní kí n má dá a lóhùn, pé nígbà tí kò bá síná, kí ni mo fẹ́ fi ṣájì rẹ̀? Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ló wọ̀ mí létí. Mo padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n rà pamọ́? Ṣé ẹ̀rọ ìfúnpá lè jẹ òkúta oníṣájì? Ṣé tọ́ọ̀ṣì yẹn ṣì ṣeé gbà là? Lánàá tí mo tún ṣí rédíò Màmá, ìyẹ̀fun funfun kan ti wà lẹ́nu irin inú rẹ̀ náà.

Bàbá Alátùn-únṣe, Station Road

Aǹtí wa, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú àìsùn. Ẹ bá mi kí Ìyá.

Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni mo ń tún ṣe láti ọdún 1991. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣe tọ́ọ̀ṣì yín, torí inú rẹ̀ ni ìdáhùn yòókù wà. Òkúta ńlá olówó pọ́ọ́kú tí gbogbo wa ń rà, síńkì ni agolo rẹ̀. Agolo yẹn kì í ṣe àpótí lásán o. Òun gan-an ni òkúta ń jẹ kó tó lè mú iná wá. Bí ẹ ṣe ń lò ó ni agolo ń fẹ́lẹ́ sí i, títí yóò fi lu, tí omi inú rẹ̀ yóò sì jò síta. Ẹ lè má tan tọ́ọ̀ṣì náà fún oṣù mẹ́fà, díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ ara rẹ̀ níbi tó wà. Èyí tó ti lò dé ìdajì, tí ẹ wá gbàgbé sínú tọ́ọ̀ṣì, ló burú jù.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, orí páànù la ti máa ń sá òkúta tó ti kú sóòrùn. Àwọn ẹlòmíì á tún fi eyín tẹ̀ ẹ́. Ó máa ń jí díẹ̀ lóòótọ́, torí ooru ń mú kí ohun inú rẹ̀ tún gbéra, àmọ́ kì í pẹ́ tó fi ń padà kú, agolo tó ti fẹ́lẹ́ la sì ń ki ẹnu bọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan ṣe é nínú ilé yín.

Tọ́ọ̀ṣì yẹn, ẹ fi ẹnu rẹ̀ gbá igi wò bí ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí òkúta bá jáde, ẹ fi aṣọ tútù nu inú rẹ̀, ẹ fi sáńpépà ha irin rẹ̀ títí yóò fi dán, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Bó bá kọ̀ tí kò jáde, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Sípíríǹgì tó ti kù bí irun kò ní pẹ́ já. Ẹ má sun ún o, òkúta tó wọná lè bú gbàù.

Ti rédíò yàtọ̀. Ìyẹ̀fun funfun yẹn ń sọ fún mi pé òkúta alkaline lẹ fi sínú rẹ̀, ọ̀kan nínú èyí tí à ń lò jù nù, wọ́n máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára. Agolo tirẹ̀ kì í ṣe ohun tó ń jẹ, nítorí náà ó máa ń pẹ́ kó tó jò, àmọ́ bó bá kú tí wọ́n fi í sílẹ̀ sínú ẹrù, yóò jò náà ni. Ohun tó ń jò jáde lára rẹ̀ máa ń jó awọ, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tàbí kẹ́ ẹ fi ọ̀rá bọwọ́. Ẹ wá ọsàn wẹ́wẹ́ kan, ẹ fún un sínú ìdérí, ẹ ti òwú tó wà lórí igi ìnutí bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi pa irin náà. Ẹ máa rí i tó ń hó ṣì-ì-ì lórí irin. Kíkan ọsàn ló ń pa agbára rẹ̀ yẹn. Bó bá ti dákẹ́ híhó, ẹ fi òwú mìíràn tó ní omi díẹ̀ nù ún, kẹ́ ẹ wá fi èyí tó gbẹ tẹ̀ lé e. Ẹ má da omi ọsàn sínú rédíò o. Orí òwú ni kó mọ.

Ó wá ku ohun tẹ́ ẹ bi gan-an. Èyí tó máa jókòó de ọjọ́ ìṣòro, alkaline ni kẹ́ ẹ rà. Ọjọ́ tó máa bàjẹ́ wà lára rẹ̀, oṣù àti ọdún. Èyí tó dára máa ń fi ọdún 5 sí 10 jókòó, iná yóò ṣì wà nínú rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ọjọ́ yẹn pẹ̀lú ojú yín, torí òmíràn ti pẹ́ nínú ìsọ̀ kó tó kan yín. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú ìdì rẹ̀, nínú ike tó ní ìdérí, níbi tó tutù nínú yàrá. Kì í ṣe orí fíríìjì, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń kàn. Ohun tí ẹ kì í lò lójoojúmọ́, ẹ má fi òkúta sínú rẹ̀. Ẹ dè é mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú rọ́bà ìdìwó.

Òkúta oníṣájì kì í ṣe ọ̀tá. Èyí tí wọ́n kọ NiMH sí lára, irú méjì ló wà, àwọn tó ń tà á kì í sì í là á fún ni. Irú àtijọ́, ẹ ṣájì rẹ̀ kún, ẹ gbé e jókòó, iná inú rẹ̀ á máa gbẹ fúnra rẹ̀. Láàárín oṣù kan, ìdá kan nínú márùn-ún ti lè lọ, ooru tiwa yìí sì tún ń lé e sáré. Irú kejì, tó dé láti nǹkan bí ọdún 2005, wọ́n sábà máa ń kọ "ready to use" sára ìdì rẹ̀. Ìyẹn lè di ìdá méje nínú mẹ́wàá mú lẹ́yìn ọdún kan. Bí ẹ bá fẹ́ ra oníṣájì, òun ni kẹ́ ẹ béèrè. Òkúta kékeré yìí, AA ni wọ́n ń pè é; mAh ni wọ́n sì fi ń wọn iná tó lè gbà. AA oníṣájì tó bá ń pariwo ju 3000 mAh lọ lára, irọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Òkúta oníṣájì ńlá ńkọ́? Mo ti la ọ̀pọ̀ nínú wọn. Òkúta kékeré kan ṣoṣo ni wọ́n dì sínú ike ńlá. Bí ẹ bá gbé e tó fúyẹ́, ẹ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Dípò ìyẹn, ẹ ra tọ́ọ̀ṣì tó ń jẹ òkúta kékeré, kí tọ́ọ̀ṣì, rédíò àti ẹ̀rọ Ìyá jọ máa jẹ irú òkúta kan náà. Bí ìkan bá kú, ẹ lè yọ ti ìkejì fi rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi tuntun àti ogbó pọ̀ sínú ẹrù kan, ẹ má sì da oníṣájì pọ̀ mọ́ èyí tí kì í ṣe oníṣájì. Èyí tó lágbára ni yóò fipá ti èyí tí kò lágbára títí yóò fi jò.

Aládìẹ Òkìnnì

Mo bọ̀wọ̀ fún Bàbá, ọ̀rọ̀ wọn sì yé mi, àmọ́ mi ò gbà pé kẹ́ ẹ fi oníṣájì sí ipò kejì.

Adìẹ ni mo ń sìn. Alaalẹ́ ni mo ń fi tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mórí wọ ilé adìẹ, torí ejò àti ológbò. Òkúta méjì ni mo máa ń rà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: 104 lọ́dún, fún tọ́ọ̀ṣì kan péré. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ra oníṣájì mẹ́jọ, mi ò tíì ra òmíràn. Mẹ́rin wà lẹ́nu iṣẹ́, mẹ́rin wà nílé tí wọ́n ti kún. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, àwọn méjèèjì á pààrọ̀ ipò. Èmi kò ní òkúta tó jókòó lóṣù mẹ́fà, nítorí náà kò sí èyí tó máa yà mí lẹ́nu. Ohun tó já Aǹtí kulẹ̀ ni pé wọn ò fọwọ́ kan àwọn ẹrù yẹn láti Kérésì. Ẹ ra alkaline ọlọ́dún mẹ́wàá, bí ẹ ò bá yẹ̀ ẹ́ wò, ọjọ́ kan lẹ máa gbàgbé ibi tí ẹ kó o sí.

Ti pé kò sí iná láti fi ṣájì: ṣájà tèmi wáyà fóònù ló ń lò. Mo lè kì í bọ páwà-báǹkì, mọ́tò, tàbí páànẹ́lì oòrùn kékeré. Ẹ ra ṣájà tó ń wo òkúta kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó sì ń dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀ bó bá kún. Èyí olówó pọ́ọ́kú tó jẹ́ pé bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ síná títí di òwúrọ̀, òkúta á gbóná débi tí ẹ ò ní lè dì í mú, ó ti pa mẹ́rin fún mi rí.

Ẹ sì ṣọ́ra fún tọ́ọ̀ṣì oníṣájì tí wọ́n kọ 9900 mAh sí òkúta inú rẹ̀, èyí tó gùn díẹ̀ ju AA lọ. 18650 ni wọ́n ń pe irú òkúta yẹn. Ojúlówó rẹ̀ tó dára jù, nǹkan bíi 3500 ló máa ń ní.

Ọmọ Màmá, Òkè-Baálẹ̀

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin bàbá mi. Ọ̀rọ̀ yín bà mí nínú jẹ́ díẹ̀, Aládìẹ, torí òtítọ́ ni. Mi ò fọwọ́ kàn wọ́n. Àmọ́ ẹ̀rọ ìfúnpá ńkọ́? Ìwé tó bá a wá ti sọnù.

Nọ́ọ̀sì Agbo Ilé

Àǹtí, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti ẹ̀rọ, torí mo ń rí i lójoojúmọ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Ibi tí ẹ̀rọ ìfúnpá ti ń jẹ iná jù ni ibi tó ti ń fẹ́ atẹ́gùn sínú àwọ̀ ìdìpá. Ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi lè tàn, tí nọ́ńbà á hàn, tí yóò wá kú ní àárín ìfẹ́. Òkúta tó ti rẹ̀ ni. Ojú tó tàn kò túmọ̀ sí pé òkúta tó. Alkaline ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà ní kí a lò. Oníṣájì jẹ́ 1.2 volt, alkaline tuntun jẹ́ 1.5. Ẹ̀rọ míì máa ń bá oníṣájì ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà, òmíràn á máa fi àmì hàn pé òkúta ti fẹ́ tán nígbà tí kò tíì tán. Fún Màmá, ẹ fi alkaline sí i, kẹ́ ẹ ní mẹ́rin mìíràn nínú ìdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá ní ihò wáyà, wáyà tirẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ wá, kì í ṣe èyíkéyìí tó bá ṣáà ti wọlé.

Ohun kan tún wà tó wúwo lọ́kàn mi nínú ohun tẹ́ ẹ kọ. Lóru yẹn, kò sí ẹ̀rọ, ẹ kàn jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, bí òòyì bá tún kọ́ Màmá, ẹ má dúró de nọ́ńbà. Ẹ wo ojú wọn bóyá apá kan ti wọ́, ẹ ní kí wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bóyá ìkan ń já bọ́, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn bóyá ó ń lọ́. Bí ọ̀kan nínú rẹ̀ bá wà, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, òru ni o, ọ̀sán ni o.

Bí ọmọ kékeré bá máa ń wá sọ́dọ̀ yín, ẹ tọ́jú òkúta pẹlẹbẹ tó dà bíi kọ́bọ̀, irú èyí tó wà nínú rìmóòtù kékeré àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà. Bí ọmọ bá gbé e mì tó há a lọ́nà ọ̀fun, láàárín wákàtí méjì ó lè ti dá egbò jíjinlẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má fún un ní ohun tí yóò bì, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e sáré lọ.

Tẹ́ńlọ̀ Ọ̀gbà

Sólà ni gbogbo rẹ̀. Ẹ ra àtùpà sólà kan, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ òkúta.

Bàbá Alátùn-únṣe, Station Road

Sólà dára, èmi náà ní in. Àmọ́ nínú àtùpà sólà náà, òkúta oníṣájì ló wà, òun náà sì ń gbó. Nínú oṣù Agẹmọ àti Ògún tí òjò ń ṣú lójoojúmọ́, ó lè má kún fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò sì sí bí Aǹtí ṣe fẹ́ fi àtùpà sólà wọn ìfúnpá.

Àwọn kan tún máa ń sọ pé Òṣogbo kì í ṣe ibi tí iná yẹ kó ti máa lọ pẹ́, torí ibí ni National Control Centre wà, níbi tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo orílẹ̀-èdè. Àmọ́ bí òpó bá wó ní àdúgbò yín, ó di dandan kí ènìyàn gun àkàbà lọ tún un ṣe, ìgbà tí wọ́n bá sì ráyè dé ni. Òru mẹ́rin yẹn lè di méje.

Aǹtí, mo gbàgbé àtùpà oníṣájì tí ẹ̀gbọ́n yín rà. Bó bá wúwo nídìí, òkúta olójé ló wà nínú rẹ̀, irú ti mọ́tò àmọ́ kékeré. Ìyẹn kì í fẹ́ kí ebi pa á. Bí ẹ bá lò ó tán tí ẹ gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù láìṣájì, nǹkan funfun líle á bo àwọn irin inú rẹ̀, kò sì ní gba iná mọ́ bó ti yẹ. Ẹ máa ṣájì rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo lílò, àti lẹ́ẹ̀kan ní oṣù méjì bí ẹ ò tilẹ̀ lò ó. Bó bá ti kú pátá, òkúta náà ṣeé pààrọ̀, ẹ gbé e wá kí n wò ó. Ẹ má gbé e jù sórí ààtàn.

Ọmọ Màmá, Òkè-Baálẹ̀

Ẹ kú àtijọ́. Ó ti tó oṣù kan, mo ní kí n padà wá sọ bó ṣe rí.

Tọ́ọ̀ṣì dúdú ti lọ, òkúta rẹ̀ kọ̀ kò jáde. Bàbá pààrọ̀ òkúta àtùpà fún wa, ó ń tàn títí di ààjìn. Mo ra tọ́ọ̀ṣì méjì tó ń jẹ òkúta kékeré. Mo ra alkaline méjìlá tó máa wúlò títí di ọdún 2033, mo wo ọjọ́ rẹ̀ níṣojú ẹni tó tà á. Mẹ́rin wà nínú ẹ̀rọ Màmá, mẹ́jọ wà nínú ike àísìkiríìmù tó ní ìdérí, lábẹ́ ibùsùn wọn. Mo tún ra oníṣájì mẹ́rin irú tí Bàbá sọ, pẹ̀lú ṣájà onípáwà-báǹkì bíi ti Aládìẹ. Ìyẹn ni rédíò àti tọ́ọ̀ṣì ilé ìdáná ń lò lójoojúmọ́. Kò sí èyí tó wọnú ẹ̀rọ ìfúnpá.

Màmá fúnra wọn ló gba yíyẹ̀wò mọ́ mi lọ́wọ́. Ní Sátidé àkọ́kọ́ lóṣù, wọ́n á ní kí n gbé ike wá, wọ́n á tan tọ́ọ̀ṣì méjèèjì sí ògiri, wọ́n á di ẹ̀rọ mọ́ apá, a ó kọ nọ́ńbà tó bá gbé jáde sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Ní Sátidé tó kọjá, 138 lórí 84 ni.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ iná lọ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Kí n tó dìde, mo ti rí iná tọ́ọ̀ṣì lábẹ́ ilẹ̀kùn yàrá wọn, mo sì ti ń gbọ́ oníròyìn. Mo wọlé lọ jókòó tì wọ́n. Inú rédíò náà ṣì ń ta sánsán ọsàn wẹ́wẹ́.